Ẹni tó fẹ́ yege àti ẹni tó fẹ́ kọ́ni: lórí fídíò ìṣirò méje

 Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di olùkọ́ báyìí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, fi fídíò méje ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò wọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń ṣe NCE, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò gan-an nìyí. Tí mo bá kọ́ wọn tán, wọ́n á ní àwọn ń lọ wò ó lórí YouTube kó lè yé àwọn." Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun máa bá wọn jà ni, tàbí kóun máa bá wọn wò ó.

Mo wò wọ́n. Mo wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo mú bírò àti ìwé sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ máàkì ìdánwò. Mẹ́rin dá lórí bí a ṣe ń pín ìdá pẹ̀lú ìdá. Méjì dá lórí nọ́ńbà òdì, ìyẹn àwọn tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Ọ̀kan tó kù dá lórí bí a ṣe ń mọ bí inú onígun mẹ́ta ṣe tóbi tó. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe wọ́n, torí kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ń fi wọ́n ṣe ló ká mi lára.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bínú ohun tuntun. Ohùn wọn já gaara. Ìkọ̀wé wọn hàn kedere. Kò sí èyí tó gùn ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ọmọ tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan tí kò yé e lè dá a padà nígbà mẹ́wàá, fídíò ò ní kanra mọ́ ọn, kò sì ní pè é ní olódo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí ní gbọ̀ngàn tí ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń na ọrùn wo pátákó kan ṣoṣo, tí iná ti lọ, tí màíkì ò ṣiṣẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, kí ló fẹ́ gbọ́? Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, àti lọ́dún 2022 tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, fóònù ni tíṣà àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó bá fowó ara rẹ̀ ra dátà kó lè fi wo bí wọ́n ṣe ń pín ìdá, nígbà tó yẹ kó fi wo bọ́ọ̀lù, mo kí i, mo sì tún un kí.

Ìfẹ́ ló kúkú bí irú fídíò yìí. Lọ́dún 2004, Salman Khan, tó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní Boston ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà jíjìn kọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Nadia ní ìṣirò. Àwọn ẹbí yòókù gbọ́, àwọn náà ní àwọn fẹ́. Nígbà tó di ọdún 2006, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlàyé rẹ̀ sórí YouTube, ibẹ̀ sì ni ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Khan Academy ti jáde. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Nadia wà lódìkejì. Ó lè sọ pé, "Kò yé mi." Ó lè dáhùn ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà, kí olùkọ́ rẹ̀ sì mọ ibi tó ti ṣìnà. Nígbà tó di fídíò, ohùn olùkọ́ nìkan ló kù. Nadia ti lọ. Fídíò méje tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi yìí, kò sí Nadia kankan nínú wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ yege nínú ìdánwò, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ìdáhùn ni ìdánwò ń béèrè, fídíò sì ń fún un ní ọ̀nà tó yá jù lọ dé ibi ìdáhùn. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ò wá ìdáhùn nìkan. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ni kó mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìdáhùn rẹ̀ ò bọ́ sí i, àti ìdí tí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà fi tọ̀nà. Lee Shulman kọ ọ́ lọ́dún 1986 pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ ti tíṣà nìkan: kì í ṣe ìmọ̀ ìṣirò lásán, kì í sì í ṣe ọgbọ́n ìkọ́ni lásán, bí kò ṣe ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń fi orúkọ ọkùnrin yìí dà yín láàmú.

Ìdá ni kí n fi ṣàlàyé, torí òun ló pọ̀ jù nínú méje náà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ ohun kan náà, àfi bíi pé wọ́n jọ há a sórí. Tí ẹ bá fẹ́ pín ìdá kan pẹ̀lú ìdá mìíràn, ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ yí àmì pínpín padà sí ti ìsọdipúpọ̀, kẹ́ ẹ sì dorí ti ìkejì kodò. Ó tán. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi orin sí i. Kò sí èyí tó sọ ìdí tá a fi ń dorí nǹkan kodò, kò sì sí èyí tó béèrè ohun tí 6 ÷ ½ túmọ̀ sí gan-an.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ìfikọ́ṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì Prámárì 5 kan. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó, ó kọ ọ́ sójú pátákó láìwo ìwé, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, títí kan lílo ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ méjì. Ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́, ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tá a fi dorí ẹ̀ kodò?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìbéèrè tó dáa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Kíláàsì pàtẹ́wọ́, ọmọ jókòó, ìbéèrè sì kú síbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ò ya ọ̀lẹ o. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun ti wo fídíò mẹ́ta lórí iṣẹ́ yẹn ní alẹ́ àná. Kò sí èyí tí wọ́n ti bi olùkọ́ inú rẹ̀ ní ìbéèrè.

Ìdáhùn tí ọmọ yẹn ń wá ò ju àwo gààrí lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ní kóńgò gààrí mẹ́fà, ó sì fẹ́ rọ ọ́ sínú ọ̀rá, ìdajì kóńgò sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá mélòó ló máa nílò? Kóńgò kan á gba ọ̀rá méjì, torí náà kóńgò mẹ́fà á gba méjìlá. Ẹ rí i pé a ti fi 2 sọ 6 di púpọ̀, a ò sì tíì dorí nǹkan kan kodò. "2" yẹn, iye ìdajì tó wà nínú ẹyọ kan ni. Tó bá jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta kóńgò lọ́ ń rọ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kóńgò kan á gba ọ̀rá kan àbọ̀, ìyẹn 3/2. Ìdí nìyí tí ⅔ fi dorí kodò tó di 3/2. Kì í ṣe òfin tí ẹnì kan ṣe lóké réré, iye ìgbà tó wọ inú ẹyọ kan ni.

Ìjàǹbá kan tún wà nínú èdè tiwa tí fídíò òyìnbó ò lè kìlọ̀ rẹ̀ fún tíṣà. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé, "Pín mẹ́fà sí ìdajì," mẹ́ta ló máa sọ, òun ló sì jàre! Tá a bá ní kí wọ́n pín iṣu sí ìdajì, ṣebí ọ̀gbagba méjì la fẹ́. Àmọ́ 6 ÷ ½ kì í ṣe mẹ́ta, méjìlá ni. Gbólóhùn tó bá a mu ni, "Ìdajì mélòó ló wà nínú mẹ́fà?" Tíṣà tí kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì yìí á máa fìyà jẹ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò sì yẹ ká rò pé àwa nìkan ni. Liping Ma, ọmọ China tó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábúlé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1999 lórí ohun tí àwọn tíṣà Amẹ́ríkà àti ti China mọ̀. Ó ní kí tíṣà Amẹ́ríkà 23 àti ti China 72 ṣe 1¾ ÷ ½, kí wọ́n sì pa ìtàn kékeré kan tó bá a mu fún àwọn ọmọ. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án péré ló rí ìdáhùn tó pé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì pa ìtàn tó bá ìtumọ̀ rẹ̀ mu. Púpọ̀ nínú wọn pa ìtàn pínpín sí méjì, ìjàǹbá kan náà tí mo sọ lókè yìí. Gbogbo àwọn 72 ará China ló rí ìdáhùn, 65 sì rí ìtàn pa.

Ohun tó yẹ kó dun ẹ̀yin ọmọ NCE nínú ni pé àwọn tíṣà China wọ̀nyẹn ò kàwé tó àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní dìgírì. Púpọ̀ nínú àwọn ará China ò kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà. Àmọ́ wọ́n máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á yẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ wò láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, wọ́n á máa bi ara wọn ní ìdí. Ìjókòó yẹn ni ìyàtọ̀. Fóònù ò sì lè bá wa jókòó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1¾ yẹn fún ìṣẹ́jú kan, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ti ṣe tán láti dúró níwájú ọmọ. Ìyá onígààrí ku kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìdajì kóńgò ló ń rọ sínú ọ̀rá kan. Ó rọ ọ̀rá mẹ́ta, ìyẹn ti gba kóńgò kan àbọ̀. Gààrí tó kù nílẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin kóńgò. Ọmọ tó mọ ọpọlọ lò á dáhùn pé, "Mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin." Fóònù ní mẹ́ta àbọ̀ ni. Ta ló jàre? Tíṣà tó gbára lé fídíò á sọ fún ọmọ pé kò gbà á. Tíṣà tó mọṣẹ́ á rí i pé ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ ńlá: ó ti ka ọ̀rá mẹ́ta, ó sì wọn ohun tó kù, àmọ́ ó fi kóńgò wọn èyí tó kù nígbà tó yẹ kó fi ọ̀rá wọ̀n ọ́n. Ìdá kan nínú mẹ́rin kóńgò, ìdajì ọ̀rá ni. Ọ̀rọ̀ ohun tá a fi ń wọn nǹkan yìí ni gbogbo ìdá dúró lé lórí. Mo wo fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo lè rí ibi tí wọ́n ti fẹnu bà á. Kò sí.

Àwọn kan á ní, ṣé nígbà tiyín, Bàbá, ṣé ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Rárá o. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955, àwọn ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ fíìfíì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì kọ́ṣẹ́ rárá ni wọ́n ń dúró níwájú pátákó. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, pàṣán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá béèrè ìdí. Richard Skemp ti kọ ọ́ lọ́dún 1976, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ìwé pọ̀ sí, pé òye méjì ló wà: òye ẹni tó mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, àti òye ẹni tó mọ ọ̀nà náà tó sì mọ ìdí. Ó ní ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń pè ní òye. Àìsàn yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Àmọ́ fídíò ṣe ohun kan tí ìwé ò ṣe. Ẹni tó ka ìwé tí kò yé e mọ̀ pé kò yé òun, orí á máa fọ́ ọ. Fídíò máa ń dùn ún gbọ́. Ẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ tó ń kọ̀wé, ohùn á máa bá yín rìn, gbogbo rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ara wọn bí omi, ẹ̀ẹ́ sì dìde pé ó ti yé yín. Derek Muller ṣe ìwádìí lórí èyí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Sydney, ó parí rẹ̀ lọ́dún 2008. Ẹ̀kọ́ físíìsì ló fi ṣe é, kì í ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó rí. Àwọn tó wo fídíò tó já gaara ní ó yé àwọn, ó rọrùn, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì mọ̀. Àwọn mìíràn wo fídíò tí ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ èrò òdì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní, tí wọ́n wá jọ tú u wò. Àwọn yìí ní ó da àwọn lójú rú, àwọn gan-an ló sì mọ̀ ọ́n jù nígbà ìdánwò. Ní tèmi o, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sọ fún mi pé, "Sà, fídíò yẹn clear gan-an," ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà òdì ò yàtọ̀. Fídíò méjì tí mo wò sọ pé òdì lọ́nà òdì máa ń di rere, wọ́n sì ní ká há a sórí. Ó jọ mí lójú, torí ẹjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ti dá fún Khan fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, àwọn olùkọ́ méjì ní Grand Valley State University ní Michigan, John Golden àti David Coffey, jókòó síwájú fídíò rẹ̀ lórí nọ́ńbà òdì. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń dá a dúró níbi tó bá ti sọ òfin tí kò sọ ìdí, níbi tó bá ti pe nǹkan kan lórúkọ méjì. Wọ́n gbé yẹ̀yẹ́ yẹn sórí YouTube. Kò pẹ́ tí Khan fi yọ ti àtijọ́ kúrò, ó sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó ń kọ́ tíṣà ló wo fídíò bí ẹni tó ń wo tíṣà lẹ́nu TP, wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì dáa sí i. Nílé tiwa ńkọ́? Fídíò táwọn ọmọ wa ń wò pọ̀ bí eṣú, a ò sì rí ẹni tó ń máàkì wọn.

Èmi kì í fi òfin kọ́ nọ́ńbà òdì, gbèsè ni mo fi ń kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ èèyàn mẹ́ta ní ₦500 ₦500, tí ẹnì kan wá sọ pé òun ti bá yín pa gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ẹ ti yọ gbèsè mẹ́ta kúrò lọ́rùn yín, ẹ sì fi ₦1,500 lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó bá ń ràn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà kò nílò orin kankan lórí èyí. Yorùbá ló tiẹ̀ yẹ kó mọ ìyọkúrò jù ní gbogbo ayé, torí òun la fi ń ka nǹkan. Àádọ́ta, mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta ni. Márùndínláàádọ́ta tún yọ márùn-ún kúrò lára ìyẹn. Ọmọ tó mọ "márùndínláàádọ́ta" sọ ti yọ nǹkan kúrò lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ẹnu dé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lónìí ò lè kà kọjá ọgbọ̀n láìjẹ́ pé wọ́n yà sí "thirty-one." Ìyẹn á gba ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Ifẹ̀ mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́dún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Kí iṣẹ́ yẹn tó lè ṣeé ṣe, àwọn èèyàn ní láti jókòó wá ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ìwé, kí wọ́n pinnu ohun tí a máa pe ìdá àti onígun mẹ́ta. Iṣẹ́ táwọn àgbà ti ṣe nìyẹn. Nínú fídíò méje tí mo wò, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kíláàsì táwọn tó ń wò ó máa wọ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Yorùbá ló kún inú rẹ̀.

Ifẹ̀ kan náà ni Helen Verran, ọmọ Australia, ti kọ́ àwọn tíṣà lẹ́yìn náà. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2001, ó sọ nípa ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Rúlà ò tó. Ọkùnrin náà gé páálí kéékèèké, ó fún àwọn ọmọ ní okùn, ó ní kí wọ́n wé okùn mọ́ páálí, kí wọ́n ka iye ìgbà tó yí i ká, kí wọ́n sì fi ìyẹn mọ bí okùn ṣe gùn tó. Ohun tó wà nínú ètò tí wọ́n jọ ṣe kọ́ nìyẹn. Verran ní ó kọ́kọ́ ṣe òun ní kàyéfì, àmọ́ àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ká ní fóònù wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ní alẹ́ tó ṣáájú, ṣé á ronú kan páálí? Mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì gbà pé ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè rí nǹkan tó dáa níbẹ̀, tó bá mọ ohun tó ń wá.

Torí nǹkan tó dáa wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe fídíò. Fídíò keje, ti onígun mẹ́ta, kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ pé ìdajì ìsàlẹ̀ lọ́nà gíga rẹ̀ ni, ó sì ṣe àpẹẹrẹ mẹ́rin. GeoGebra, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Salzburg ní Austria, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi sórí fóònù kẹ́ ẹ máa lò ó láìsí dátà. Ẹ ya onígun mẹ́ta sórí rẹ̀, ẹ fi ìka fa orí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, kó máa rìn lórí ìlà tó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ó lè rí wọ́rọ́wọ́rọ́, ó lè tẹ̀ bí igi tí afẹ́fẹ́ wó, bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó ò ní yí padà. Kí ló dé? Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á á béèrè, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó béèrè. NRICH náà wà, ti Yunifásítì Cambridge, tó kún fún ìbéèrè tí kì í tètè sọ ìdáhùn fún èèyàn. Ní ti Photomath àti àwọn tó jọ ọ́, tẹ́ ẹ máa ń ya fọ́tò ìṣirò sí kó bá yín ṣe é, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọmọ yín ti ṣì ṣe, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lè sọ fún yín ohun tí ọmọ náà ń rò.

Èsì tí mo wá fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Mo ní kó má bá wọn jà. Kó gbé fídíò wá sí kíláàsì, kó dá a dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti sọ òfin, kí ẹnì kan ṣe bí ọmọ Prámárì 5 tó nawọ́, kí ẹnì kejì dáhùn ní Yorùbá, láìlo ọ̀rọ̀ "kodò." Nínú méje náà, mo ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá, èyí tó fi orin sí i, torí orin yẹn kì í jáde lórí mọ́ tó bá ti wọlé. Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá onígààrí gba wákàtí kan ààbọ̀, ìjà sì ṣẹlẹ̀ lórí gààrí tó kù nílẹ̀, bóyá ìdajì ni tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan tó ń gba A nínú ìṣirò láti ọjọ́ tó ti wọlé ló pẹ́ jù kó tó gbà pé ọ̀rá la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibi tí wọ́n há sí báyìí ni -3 lọ́nà -500. Gbogbo wọn gba ọ̀rọ̀ gbèsè, àmọ́ wọn ò tíì rí gbólóhùn Yorùbá kan tó máa sọ ọ́ ní ṣókí tí ọmọ lè tún sọ nílé fún ìyá rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Gbèsè mẹ́ta tá a yọ." Òmíràn ní kò tó, torí kò sọ pé owó wọlé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yín, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Wẹ́sìdeè, màá bá a yín fún wọn.